Oúnjẹ ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ àpòlúkù fún: kó tó wọ yàrá abẹ, àti lẹ́yìn tó bá jáde

Bí ikùn bá ti ń da ẹnì kan láàmú nílé wa, ògì ni gbogbo ará ilé kọ́kọ́ máa ń sáré sí. Wọ́n á pò ó kó ṣàn dáadáa, wọ́n á da ṣúgà sí i, wọ́n á ní kí aláìsàn máa rọra mu ún. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é. Àmọ́ bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ àpòlúkù ni, tí dókítà sì ti ní abẹ ló kàn, ọ̀nà méjì ni ògì olómi ṣúgà yẹn fi ń ṣàkóbá fún aláìsàn. Kó tó wọ yàrá abẹ, kò ní jẹ́ kó ní okun tó lè gbé abẹ. Lẹ́yìn abẹ, òun gan-an ló lè mú kí òógùn bo aláìsàn, kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì, kí ìgbẹ́ gbuuru sì mú un.

Ọdún 1897 ni Carl Schlatter, oníṣẹ́ abẹ kan nílùú Zürich, yọ gbogbo àpòlúkù obìnrin kan kúrò, obìnrin náà sì yè é. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé èèyàn lè wà láàyè láìní àpòlúkù. Bí yóò ṣe máa jẹun ni iṣẹ́ tó kù, ọwọ́ ẹ̀yin ará ilé ni ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà sì wà. Láti ọjọ́ tí dókítà bá ti dárúkọ abẹ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

KÍ Ó TÓ WỌ YÀRÁ ABẸ

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọ̀n ọ́n lónìí

Ẹ ní kí aláìsàn gun sìkéèlì, kí ẹ kọ kílò rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí kílò tó jẹ́ ní nǹkan bí oṣù 6 sẹ́yìn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ yẹ káàdì ilé ìwòsàn àtijọ́ wò. Bí kò bá sí káàdì, ara aṣọ ni kí ẹ wò: ihò bẹ́líìtì mélòó ló ti sún wọlé? Ṣé òrùka ti ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹni tó jẹ́ kílò 70 tó wá di 61 ti pàdánù kílò 9, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 13 nínú 100 ara rẹ̀. Bí ohun tó lọ bá ti ju ìdá 10 nínú 100 lọ láàárín oṣù 6, ẹ sọ ọ́ fún dókítà lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ rí i, ẹ má dúró kó tó bi yín. Ìlànà ESPEN, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ aláìsàn nílẹ̀ Yúróòpù, ni pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ gba ìtọ́jú oúnjẹ fún ọjọ́ 7 sí 14, kódà bí abẹ jẹjẹrẹ yóò bá tìtorí ẹ̀ sún síwájú. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba ará ilé bí wọ́n bá ní kí abẹ dúró, wọ́n á rò pé jẹjẹrẹ ń gbilẹ̀ lọ. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n bá rán nínú ikùn ní láti jiná, ara tí kò ní nǹkan nínú kì í sì rí ohun tó máa fi wò ó sàn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ iye tó yẹ kó jẹ

Lójúmọ́, kílò ara kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ nǹkan bí kálórì 25 sí 30, àti gíráàmù 1.2 sí 1.5 èròjà amúaradàgbà. Ẹni tó bá jẹ́ kílò 60 yóò nílò kálórì 1,500 sí 1,800, àti amúaradàgbà gíráàmù 72 sí 90.

Ibi tí ògì ti já wa kulẹ̀ nìyí. Ife ògì olómi kan kò ní ju gíráàmù 2 tàbí 3 amúaradàgbà lọ. Ẹyin kan ní nǹkan bí 6. Ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi 13 sí 15. Ẹja sísè tó wọ̀n 100 gíráàmù ní nǹkan bí 20. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí aláìsàn bá mu ògì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, tó tún fi omi ọbẹ̀ díẹ̀ jẹ ẹ̀kọ, kò tíì jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ara rẹ̀ ń bèèrè.

Bó bá jẹ́ ògì nìkan ni ẹnu rẹ̀ gbà, ẹ fi nǹkan sí i nínú. Ẹ pò ó kó ki. Nígbà tó ṣì wà lórí iná, ẹ fi ìyẹ̀fun sóyà yíyan ṣíbí ìjẹun 2 sí i, kí ẹ máa rò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, torí sóyà tí kò jinná máa ń da ikùn rú. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ wá fi mílíìkì oníyẹ̀fun ṣíbí 2 àti ẹ̀pà yíyan tí ẹ lọ̀ kúnná ṣíbí 1 sí i. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹyin kún un, ẹ pò ó pọ̀ kí ẹ dà á sí i lórí iná, kó jinná dáadáa.

Èmi ò rí oúnjẹ ilẹ̀ wa tó dà bíi gbẹ̀gìrì fún irú àkókò yìí. Ẹ bó ẹ̀wà náà kó mọ́, ẹ sè é kó rọ̀ dẹ̀jẹ̀dẹ̀jẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ mú ẹja tútù tí ẹ ti bọ̀, ẹ ṣa gbogbo eegun rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ edé gbígbẹ, kí ẹ rò ó mọ́ gbẹ̀gìrì náà. Epo pupa díẹ̀, iyọ̀ díẹ̀, ata tí kò ní ta á lẹ́nu. Ife kékeré kan irú èyí ju àwo ẹ̀kọ kan lọ fún un, ó sì ń yọ̀ lọ nínú ọ̀fun. Mọ́ínmọ́ín rírọ̀ tí ẹ fi ẹyin àti ẹja sí dára, wàrà tí ẹ sè dáadáa dára. Bí agbára bá ká a, ẹ lè ra mílíìkì àtàtà tí wọ́n dìídì ṣe fún aláìsàn, irú bíi Ensure, àmọ́ ẹ má torí àìlówó rẹ̀ rò pé ohun gbogbo ti bàjẹ́. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja àti sóyà tó láti ṣiṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kó máa jẹ díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́. Kó máa rìn nínú ilé àti níta, torí ẹran ara tí èèyàn kò lò máa ń joro bó tilẹ̀ ń jẹun. Bó bá ń mu sìgá tàbí ọtí, òní ni kó jáwọ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Àwọn nǹkan tó ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀

Àkọ́kọ́ ni ààwẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń gba ààwẹ̀ nítorí abẹ tó ń bọ̀, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Àmọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá wọn gbà á. Kí àwọn ọmọ gbà á, kí àwọn àbúrò gbà á, kí aláìsàn jẹun. Bí Ràmàdáánì bá sì bá a lẹ́nu ìtọ́jú, ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti má gbà á.

Èkejì ni àgbo. Àwọn kan máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá, àwọn kan ń ni ẹ̀dọ̀ lára, gbogbo wọn ló sì ń gba àyè oúnjẹ nínú àpòlúkù tí kò ní àyè tẹ́lẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti mu, ẹ sọ ọ́ fún dókítà láìbò. Wọn ò ní lé yín jáde.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tó ń kiri orí WhatsApp, pé ṣúgà àti ẹran ni jẹjẹrẹ ń jẹ, pé bí a bá febi pa aláìsàn, jẹjẹrẹ náà á kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ ọ. Aláìsàn ni ebi yẹn kọ́kọ́ ń gbẹ lójú.

Ìgbésẹ̀ 4: Bí oúnjẹ kò bá lọ sílẹ̀

Bí jẹjẹrẹ náà bá wà nísàlẹ̀ àpòlúkù, ó lè dí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà bọ́ sínú ìfun. Àmì rẹ̀ rèé: ikùn á kún lẹ́yìn ṣíbí mélòó kan, nígbà tó bá yá, á bì, ẹ óò sì rí oúnjẹ àná nínú èébì náà. Ẹ má fi ipá bọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ló kàn, torí èébì ń kó omi ara àti èròjà ara tó ń jẹ́ potassium lọ. Níbẹ̀, wọ́n lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú rẹ̀ kọjá ibi tó dí, kí oúnjẹ máa bọ́ tààrà sínú ìfun, tàbí kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Omi dírìípù lásán kì í ṣe oúnjẹ o. Bí ọjọ́ bá ń gorí ọjọ́ tó jẹ́ dírìípù nìkan ló ń wọlé, ẹ bi dókítà pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, báwo ni aláìsàn wa ṣe máa jẹun?”

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí. Ẹni tí kò tíì jẹ nǹkan gidi fún ọjọ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má rọ́ oúnjẹ sí i lójijì nítorí pé ẹnu rẹ̀ ṣí. Àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ phosphate, potassium àti magnesium lè já wálẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì lè daṣẹ́ sílẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ti burú jù, ilé ìwòsàn máa ń kọ́kọ́ fún un ní fítámì B1, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí kálórì 10 fún kílò kan lójúmọ́, wọ́n á máa fi kún un fún ọjọ́ 4 sí 7 títí yóò fi pé, wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun padà, kíá ni kí ẹ gbé e lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Alẹ́ ọ̀la abẹ

Fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, oúnjẹ á dúró ní wákàtí 6 ṣáájú abẹ, omi lásán á sì dúró ní wákàtí 2. Ògì kò sí lára omi, mílíìkì náà kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀nà ikùn rẹ̀ dí ní òfin tirẹ̀, torí oúnjẹ lè dúró sínú àpòlúkù rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Dókítà tó máa kùn ún lóorun ni kó sọ wákàtí náà fún yín, kì í ṣe ẹni tí ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín.

LẸ́YÌN ABẸ

Ìgbésẹ̀ 6: Ní wọ́ọ̀dù

Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ ní ìbéèrè kan, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀: ṣé gbogbo àpòlúkù ni wọ́n yọ, àbí apá kan? Èsì yìí ló máa sọ irú abẹ́rẹ́ àti oògùn tí aláìsàn yóò máa gbà fún ìyókù ayé rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ gbogbo rẹ̀, wọ́n ti rán ọ̀nà ọ̀fun mọ́ ìfun kékeré nìyẹn. Kò sí àpò tó ń gba oúnjẹ dúró mọ́.

Níbòmíràn, ọjọ́ kejì abẹ ni wọ́n ti ń jẹ́ kó mu omi kó sì tọ́ oúnjẹ wò, níbòmíràn wọ́n á dúró. Ohun tó bá wù kó jẹ́, kí fúláàsì tí ẹ gbé wá láti ilé dúró ní títì títí nọ́ọ̀sì yóò fi ní ó yá. Ibi tí wọ́n rán lè ṣí sílẹ̀, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sí ọjọ́ 10. Ibà, ìrora ikùn tó ń le sí i, ọkàn tó ń sáré àti èémí tó ń ké jẹ́ àmì rẹ̀. Ẹ má lo Panadol lé e, ẹ pe nọ́ọ̀sì.

Bí wọ́n bá fi rọ́bà oúnjẹ sínú ìfun rẹ̀, ó ń rọra kán wọlé ni, a kì í tì í wọlé gììrì. Kó jókòó tàbí kó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí gíga. Ẹ fi omi mímọ́ tó nǹkan bí 30 ml ṣan rọ́bà náà kí oúnjẹ tó wọlé àti lẹ́yìn rẹ̀. Ọbẹ̀ tí ẹ lọ̀ nílé kò gbọ́dọ̀ gbabẹ̀ láìjẹ́ pé ilé ìwòsàn fọwọ́ sí i, torí rọ́bà náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó tètè ń dí, ìdọ̀tí díẹ̀ sì lè kó àìsàn bá ìfun.

Ìgbésẹ̀ 7: Nílé, ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́

Oúnjẹ olómi tó ki ló máa kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà èyí tí ẹ tẹ̀ tàbí tí ẹ lọ̀, lẹ́yìn náà oúnjẹ rírọ̀, títí á fi padà sí oúnjẹ ilé. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ń gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ìdajì ife ti tó lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́fà sí ẹ̀ẹ̀mẹjọ lójúmọ́.

Ẹ má dúró de ebi. Inú àpòlúkù ni ara ti ń ṣe púpọ̀ nínú ghrelin, èròjà tó ń jẹ́ kí ebi pa wá, bí wọ́n bá sì ti yọ ọ́, ebi kì í sábà pa aláìsàn mọ́. Aago ni yóò máa fi jẹun. Bí ọjọ́ kan ṣe lè rí nìyí: aago 7, ẹyin sísè kan tí ẹ tẹ̀ mọ́ ègé búrẹ́dì rírọ̀ kan. Aago 9 ààbọ̀, mọ́ínmọ́ín kékeré. Aago 12, ìrẹsì rírọ̀ ṣíbí 3 pẹ̀lú ẹja tí kò léegun àti ewédú. Aago 2 ààbọ̀, ẹ̀pà lílọ̀ lórí bisikí tí kò dùn. Aago 5, gbẹ̀gìrì ẹlẹ́ja. Aago 7 ààbọ̀, ẹ̀kọ tútù ìdajì pẹ̀lú adìẹ tí ẹ lọ̀ sínú ọbẹ̀. Nínú jíjẹ kọ̀ọ̀kan, ẹran, ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà ni kó kọ́kọ́ fi sẹ́nu, torí ikùn lè kún kó tó dé ibẹ̀.

Omi kì í bá oúnjẹ rìn mọ́. Kó mu omi ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ṣáájú tàbí lẹ́yìn oúnjẹ, díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ títí yóò fi tó lítà 1.5 tàbí 2. Ohun mímu olóyinbó tó ń hó kò dára fún un.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí òkèlè. A kì í jẹ òkèlè lẹ́nu, gbígbé ni a ń gbé e mì, àpòlúkù ló ń bá wa lọ̀ ọ́. Ẹni tí kò ní àpòlúkù kò ní ẹni tó máa bá a lọ̀ ọ́. Iyán tàbí ẹ̀bà tó gbé mì gbọ̀ọ́rọ́ lè há síbi tí wọ́n rán, pàápàá bí ibẹ̀ bá ti sún kì. Bí òkèlè bá wù ú, àmàlà rírọ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí dókítà bá ti gbà bẹ́ẹ̀, kó bù ú bíi ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò, kó sì jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ẹni ń jẹ ẹran. Fún bàbá tó ti ń gbé òkèlè mì láti kékeré, kò rọrùn, nítorí náà kí ẹnì kan bá wọn jókòó tì oúnjẹ. Ọsàn náà, kó fa omi rẹ̀ nìkan, kó má gbé háhá rẹ̀ mì, torí ó lè dì sínú.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí ara rẹ̀ bá dédé yí padà lẹ́yìn oúnjẹ

Àwọn dókítà ń pè é ní dumping, oríṣi méjì ló sì wà. Àkọ́kọ́ máa ń dé láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30 lẹ́yìn oúnjẹ: ọkàn á máa sáré, òógùn á bò ó, ojú rẹ̀ á ṣú, inú á lọ́ ọ, ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀ lé e. Oúnjẹ ló ya wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìfun sì fa omi ara jọ síbẹ̀. Èkejì máa ń dé ní wákàtí 1 sí 3: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, àárẹ̀ á mú un, ó tilẹ̀ lè dákú. Mo ti rí ará ilé tó rò pé ẹnì kan ló ń fi nǹkan ṣe aláìsàn wọn, nígbà tó jẹ́ ife ògì ṣúgà tó mu ní wákàtí kan sẹ́yìn ló fà á.

Ohun tí ẹ óò ṣe sí ti àkọ́kọ́ ni pé kó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí fún ìṣẹ́jú 15 sí 30. Fún èkejì, kó mu ṣúgà tàbí glucose díẹ̀, lẹ́yìn náà kó jẹ ẹyin tàbí búrẹ́dì ẹlẹ́pà kí ṣúgà náà má tún já wálẹ̀. Láti dènà méjèèjì, ẹ yọ ṣúgà, oyin, málítì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kúrò, ẹ dín oúnjẹ kù ní ìwọ̀n, ẹ ya omi sọ́tọ̀. Mílíìkì lè bẹ̀rẹ̀ sí í da inú rẹ̀ rú lẹ́yìn abẹ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lo mílíìkì sóyà tí kò dùn. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dókítà tún oògùn rẹ̀ wò.

Lálẹ́, kí ó má dùbúlẹ̀ gbalaja lẹ́yìn oúnjẹ, torí òróòro lè gun ọ̀fun rẹ̀. Ẹ gbé orí ibùsùn rẹ̀ sókè.

Ìgbésẹ̀ 9: Sìkéèlì àti ìgbẹ́

Ẹni tí wọ́n yọ gbogbo àpòlúkù rẹ̀ sábà máa ń pàdánù ìdá 10 sí 20 nínú 100 kílò rẹ̀, oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ló sì ń yára jù. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀, kó tó jẹun. Bí kílò bá ṣì ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù 3, ẹ padà sọ́dọ̀ onímọ̀ nípa oúnjẹ.

Ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ má tijú. Bó bá funfun ràkọ̀ràkọ̀, tó ń léfòó, tó ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀, tí epo ń dán lójú omi, ọ̀rá kò dà nínú rẹ̀ nìyẹn. Dókítà lè kọ oògùn èròjà adánúnjẹ fún un, irú bíi Creon. Bó bá ti fi oúnjẹ sẹ́nu ni kó gbé e mì, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ owó oògùn náà ṣòfò.

Omi kíkan inú àpòlúkù ló ń pa púpọ̀ nínú kòkòrò tó ń bá oúnjẹ wọlé. Ní báyìí tí kò sí mọ́, tàbí tó ti dín kù, oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jinná kó sì gbóná, omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́. Wàrà tútù, fúrá ojú títì àti ewé tútù tí a kò fọ̀ dáadáa, kó yẹra fún wọn.

Ìgbésẹ̀ 10: Abẹ́rẹ́ B12 àti oògùn ẹ̀jẹ̀

Àpòlúkù ló ń ṣe èròjà tó ń gba fítámì B12 wọlé láti inú oúnjẹ. Ẹni tí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ yóò máa gba abẹ́rẹ́ B12 títí ayé: mílígíráàmù 1 hydroxocobalamin ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tàbí cyanocobalamin lóṣooṣù (oríṣi B12 ni méjèèjì), bí dókítà bá ṣe kọ ọ́. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú B12 pamọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, nítorí náà ara á dá, ẹ óò ní kí ni abẹ́rẹ́ wà fún. Nígbà tó bá tán, ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ á máa kú, ìrìn á dojú rú, ìpalára sí iṣan ìmọ̀lára sì lè má tún lọ mọ́. Òògùn B-complex tí ẹ ń rà ní kẹ́mísì kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́ yìí. Ẹni tí wọ́n yọ apá kan nínú àpòlúkù rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ máa yẹ B12 rẹ̀ wò.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin, omi ọsàn ni kó fi lò ó, kó má fi tíì lò ó. Bí wọ́n bá kọ calcium, èròjà tó ń mú egungun le, fún un, calcium citrate ló yẹ kí ẹ béèrè, torí oríṣi kejì, calcium carbonate, ń fẹ́ omi kíkan tí kò sí mọ́. Kí wákàtí 2 sì wà láàárín calcium àti oògùn ẹ̀jẹ̀. Fítámì D sábà máa ń bá a rìn nítorí egungun.

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá padà sí kílíníkì, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò iye ẹ̀jẹ̀, irin, B12, calcium àti fítámì D, kí ẹ gba èsì náà lórí bébà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé abẹ àti àkọsílẹ̀ kílò rẹ̀ sínú fáìlì kan náà, torí dókítà tí ẹ óò bá níjọ́ mìíràn lè má jẹ́ èyí tó gé e.